Fèrèsé Ọwọ́ Ọ̀tún

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jókòó síbi tó bá wù yín. Kò sẹ́ni tó máa bá yín du ibẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé Mísíyé Éloi, ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí, kò jókòó rí láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ kan ti kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìjókòó náà.

Oyè rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ìdáàṣà sí Sávàlú lọ: Olùdarí Àgbà fún Ẹwà Òkè, Ìsinmi Àpáta àti Ohun Gbogbo Tí Ojú Ń Wò, ní ìlú Ìdí-Àpáta. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tóbi. Ó wà láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́ṣáláṣí kan, ọjà kan, àti oko iṣu yí ká. Ṣùgbọ́n bí Éloi bá ń dárúkọ oyè rẹ̀, àlejò á rò pé ìlú náà ní etíkun.

Gervais ni akọ̀wé rẹ̀. Iṣẹ́ Gervais ni pé kó má ṣe jẹ́ kí ohun rere kankan ṣẹlẹ̀ láìní ẹni tó ni ín. Bí òjò bá rọ̀, Gervais á ní, "Òjò Ọ̀gá ti dé." Bí iṣu bá ta, iṣu Ọ̀gá ni. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ Ràṣídátù, ìyá aláṣọ, bí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, Gervais sáré lọ kí Ọ̀gá kú oríire. Éloi dá a lóhùn pé, "A dúpẹ́." Kò tilẹ̀ béèrè ohun tó kan òun nínú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Nínú gbogbo òfin tí Éloi ṣe, èyí tó lókìkí jù ni ti Òkè Ìyálé. Òkè yìí wà ní ìlà-oòrùn ìlú, àpáta méjì wà lórí rẹ̀ bí ìkòkò tí a gbé ka orí ìkòkò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsun kan wà tí kì í gbẹ, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ayébáyé, omi ìsun yìí ni Ìdí-Àpáta ń mu. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Éloi pe ìlú jọ, ó gun orí àga, ó ní:

"Ẹ̀yin ará ìlú mi ọ̀wọ́n! Òṣìṣẹ́ wo ló ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ láì gba kọnjé? Olùkọ́ ń lọ ìsinmi. Nọ́ọ̀sì ń lọ ìsinmi. Èmi pàápàá ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi máa ń wà lọ́dọ̀ yín. Òkè Ìyálé ńkọ́? Láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti gbé e kalẹ̀, ó dúró. Ẹ sọ fún mi, ta ló rí i kó jókòó rí? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìsun ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣàìsàn. Láti òní lọ, Òkè Ìyálé ti lọ kọnjé! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi padà."

Obìnrin kan nawọ́ sókè. Blandine ni, àgbẹ̀ oníṣu, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Roméo.

"Ọ̀gá, ibo ló lọ?"

"Ta ni?"

"Òkè. Mo ń wò ó níbẹ̀ yẹn."

"Ìyá Roméo," ni Éloi fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "inú lọ́hùn-ún ló ti ń sinmi."

Gervais pàtẹ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Wọ́n fi wáyà yí ìdí òkè ká, wọ́n sì fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀rífù ṣọ́ ọ pẹ̀lú fèrè kan. Wọ́n ní kí Ṣẹ̀rífù kọjú sí ìlú nígbà gbogbo, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí òun ń ṣọ́. Àwọn obìnrin Ìdí-Àpáta wá ń rìn dé apá Lèma láti pọn omi. Wọ́n á jáde kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á sì dé nígbà tí oòrùn bá ti wà ní àtàrí. Oko Blandine di ìdajì, nítorí ìdajì ọjọ́ rẹ̀ ti di ti ojú ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń fura. Ṣùgbọ́n ìfura kì í kún garawa.

Ohun tó wà lẹ́yìn òkè náà gan-an, n ò ní fi pamọ́ fún yín. Èmi kì í ṣe Éloi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló wà níbẹ̀, òrùlé rẹ̀ pupa bí ata, adágún ìwẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ìsun tó ń ṣàìsàn ló ń ṣàn sínú adágún náà tọ̀sán-tòru. Àwọn kọ́lékọ́lé tó kọ́ ọ ti òkèèrè wá, wọ́n gba ọ̀nà igbó wọlé, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ. Láti ojú títì, òkè bò ó pátápátá.

Nígbà tó yá, Éloi rí i pé kọnjé kò tó. Kọnjé ń tán. Ó kọ̀wé sí Kútọnu pé kí wọ́n jẹ́ kí Òkè Ìyálé fẹ̀yìn tì, kó má padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́ láéláé. Èsì dé. Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Màdáámù Christelle, aṣojú ìjọba, ń bọ̀ wá wo àwọn òkè náà láti ojú ọ̀run. Bàálù kékeré kan, oníjókòó méjìlá, yóò gbé òun àti àwọn àlejò láti Kútọnu lọ sí Pàràkú, yóò sì gba orí Ìdí-Àpáta kọjá. Bí wọ́n bá balẹ̀, Màdáámù yóò fọwọ́ sí ìwé. Aṣojú àwọn obìnrin ìlú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí òun náà tẹ ìka rẹ̀ sí i.

Àwọn obìnrin ní kí Ìyá Roméo lọ.

"Tí mo bá débẹ̀, kí ni kí n ṣe?" ni Blandine bi wọ́n.

Àbíkẹ́, àna rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rin ọ̀nà Lèma, sọ garawa kalẹ̀. "Má tẹ ìka, ìyàwó wa. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà yìí la ó máa rìn títí a ó fi kú."

Ẹlòmíràn tó bá wà ní ipò Éloi ì bá ní kí bàálù gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n Éloi kò wọ bàálù rí, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwòrán rẹ̀ yóò jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó rò ó, ó tún un rò. Ìwọ̀-oòrùn ìlú ni àwọn òkè tó rẹwà wà, níhà Sávàlú. Ìlà-oòrùn ni Òkè Ìyálé àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀wọ́ fèrèsé méjì ni bàálù ní, ọ̀tún àti òsì. Nítorí náà, ẹni tó bá yan fèrèsé ti yan ohun tí ojú yóò rí. Ó dá Ìgbìmọ̀ Fèrèsé sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó.

"Mo ti gbọ́," ni Éloi wí lọ́jọ́ kìíní, "pé apá bàálù máa ń bo ilẹ̀ mọ́ni lójú."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, Ọ̀gá," ni Gervais wí.

Éloi rò ó wò.

Amandine, olùkọ́ obìnrin kan tó ti wọ bàálù lẹ́ẹ̀kan rí, sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá yẹn ló ń gbé e fò."

"Ó dáa, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀."

"Apá Ọ̀gá!" ni Gervais wí, ó sì kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lọ sí àgbàlá ọba láti dán ìrìn-àjò náà wò. Wọ́n to àga méjìlá sí ọ̀wọ́ méjì, wọ́n kọ ojú wọn sí àríwá, níhà Pàràkú, bí bàálù tó ń bọ̀ láti Kútọnu yóò ṣe kọjú. Éloi fẹ́ jókòó, ni àgbà ìjòyè kan bá figbe ta.

"Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ọba?"

Òótọ́ ni. Abẹ́ òrùlé, ní gúúsù àgbàlá, ni ọba ń jókòó, ó sì ti ń tòògbé níbẹ̀ láti àárọ̀. Ní Ìdí-Àpáta, ẹnikẹ́ni kì í jókòó kó kọ ẹ̀yìn sí ọba. Gervais kò fi àkókò ṣòfò. Ó yí bàálù padà, àga kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi dojú kọ ọba.

Éloi jókòó. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀: àwọn òkè ìhà Sávàlú nìyẹn, wọ́n tò bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Ó wo òsì: Òkè Ìyálé.

"Ọwọ́ ọ̀tún!" ni ó pariwo, bí ẹni rí wúrà. "Èmi, Màdáámù àti gbogbo àlejò, ọ̀tún! Gbogbo fèrèsé òsì, ẹ bò ó pa, nítorí oòrùn àárọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Blandine, tó jókòó lórí àga tó kẹ́yìn pátápátá, nawọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bàálù yìí, ṣé ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀?"

"Kí ló dé?"

"Ibi tó kọjú sí yìí, Kútọnu ni. Kútọnu náà la sì ti ń wọ̀ ọ́ bọ̀."

Ọba la ojú kan.

"Ìyá Roméo," ni Gervais wí, "ṣé o fẹ́ kí Ọ̀gá kọ ẹ̀yìn sí Kábíyèsí ni?"

"Èèwọ̀!"

"Ṣé bàálù ti gbé ọ rí?"

"Rárá. Èmi ni mo ń gbé garawa."

"Ó tán nìyẹn."

Ọba la ojú kejì. "Àbí kí n gbé àga mi lọ sí òdìkejì?" ni ó wí. "Kò jìnnà."

Éloi dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí! Ọlá yín kì í ṣí nípò! Bí bàálù bá máa yí, kí ó yí. Bí ayé bá máa yí, kí ó yí. Àga yín kò ní yí!"

"Ó dáa," ni ọba wí, ó sì padà sẹ́nu oorun rẹ̀.

Ẹ wò ó o. Ọba gbà láti ṣí àga. Ìpọ́nni ló kọ̀.

Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, ní Kútọnu, Éloi wọ agbádá funfun kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìjókòó méjì fúnra rẹ̀. Ó fi ìdajì wákàtí gun àtẹ̀gùn bàálù. Ó jókòó níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, Màdáámù Christelle tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Gervais, Fréjus tó ń ya fídíò, àti àlejò méjì. Òsì ṣófo gbáú, àfi Blandine.

Awakọ̀ bàálù yọjú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín ara yín. Ẹ̀gbẹ́ kan ti wúwo jù."

"Kò ṣeé ṣe," ni Éloi wí. "Ìgbìmọ̀ ti pinnu."

"Ọ̀gá, bàálù kò mọ ìgbìmọ̀."

Wọ́n ronú. Àpò iṣu márùn-ún wà tí Ìdí-Àpáta fi ránṣẹ́ sí Màdáámù. Wọ́n gbé wọn sórí ìjókòó òsì, wọ́n fi bẹ́líìtì dè wọ́n, wọ́n sì fa ìbòjú fèrèsé sílẹ̀. Báyìí ni Blandine ṣe fò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, nínú òkùnkùn, láàárín iṣu.

Wọ́n gbéra. Oòrùn wọlé láti ọwọ́ ọ̀tún, ó sì dúró sójú Éloi gangan.

"Mísíyé Éloi," ni Màdáámù wí, ó ń fọwọ́ bojú, "ṣé ẹ kò sọ pé òsì ni oòrùn yóò wà?"

"Ó sún wá sọ́dọ̀ wa ni, Màdáámù. Ó gbọ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ń bọ̀."

"Oòrùn Ọ̀gá," ni Gervais sọ lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tó tó àsìkò kan, awakọ̀ kéde pé àwọn òkè Ìdáàṣà ti dé. Éloi yọ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ó gbé e sún mọ́ ojú nítorí oòrùn, débi tí kò fi rí ohun mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

"Màdáámù ọlọ́lá jùlọ! Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún! Fréjus, má gbé kámẹ́rà kúrò níbẹ̀! Ohun tí ẹ ń rí yìí ni iṣẹ́ ayé mi. Èmi ni mo dá a ṣe. Èmi ni mo dáàbò bò ó, tí mo fi ẹnu mi, ọwọ́ mi àti àṣẹ mi pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò mọyì rẹ̀!"

"Ó mà rẹwà o," ni Màdáámù wí. "Ilé olórùlé pupa yẹn, ta ló ni ín?"

Éloi ń ṣí ojú ewé kejì. Gervais dáhùn nítorí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ọ̀gá ló ni ín!"

"Adágún ìwẹ̀ iwájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀gá ló ni ín!"

"Lẹ́yìn òkè tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dé?"

Gervais lanu. Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ, ó sì pa á dé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Láti inú òkùnkùn, láàárín iṣu, ohùn kan béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń rí?"

"Omi, Ìyá," ni Fréjus wí, kámẹ́rà ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀ gan-an."

"Ṣé òkè kan wà níwájú rẹ̀, tí àpáta méjì wà lórí rẹ̀ bí ìkòkò lórí ìkòkò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Màdáámù wí, ó sì yíjú wo ibi tí ohùn náà ti ń wá.

Blandine na ọrùn láàárín iṣu. "Ìyálé nìyẹn. Ìsun wa nìyẹn, Màdáámù. Ọdún mẹ́ta la ti ń rìn dé Lèma. Wọ́n ní ó ń ṣàìsàn."

Màdáámù tún yọjú lójú fèrèsé. "Lójú tèmi, ara rẹ̀ le."

Nígbà náà ni Éloi gbé ìwé kúrò lójú. Ó wo ìta. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti rí ẹni tó rí ejò, mo ti rí ẹni tó rí òkú. N ò tíì rí ẹni tó rí ilé ara rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn.

"Awakọ̀!" ni ó kígbe. "Yí padà! Yí padà kíá!"

Awakọ̀ jẹ́ ọmọlúàbí. Ó rò pé Olùdarí fẹ́ kí àwọn àlejò tún un wò dáadáa. Ó yí bàálù padà, ó rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó sì yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mejì, apá ọ̀tún wà nísàlẹ̀, kí gbogbo ojú lè ríran. Láti ibẹ̀, wọ́n rí ìsàlẹ̀ adágún. Táílì funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn ju ènìyàn lọ: ÉLOI. Ọkùnrin tó fi ilé pamọ́ fún gbogbo ìlú ló kọ orúkọ sí i, kí Ọlọ́run má baà ṣì í mú.

"Èyí lè jẹ́ Éloi mìíràn," ni Éloi wí.

Kódà Gervais kò pàtẹ́wọ́.

Ní Pàràkú, wọ́n jókòó sí yàrá kékeré kan ní pápákọ̀ òfurufú. Màdáámù mú ìwé ìfẹ̀yìntì òkè náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì wo Blandine.

"Ìyá, ṣé ẹ ó tẹ ìka?"

Blandine wo ìwé náà. Ó wo Éloi, tó ń nu òógùn pẹ̀lú etí agbádá. "Màdáámù, ibo ni èèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ bó bá kọ̀?"

"Kò sí ibẹ̀ nínú ìwé yìí."

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi wà nínú aṣọ mi, nígbà náà."

Màdáámù ká ìwé náà ní mẹ́rin, ó tì í bọ inú àpò rẹ̀, ó sì ní kí Fréjus fún òun ní fídíò. Éloi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan tí ó ní "gẹ́gẹ́ bí" mẹ́tàdínlógún nínú, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé orí ìkẹjọ, òun nìkan ló kù nínú yàrá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn olùwádìí dé Ìdí-Àpáta. Gervais sáré wọ ọ́fíìsì. "Ọ̀gá! Ìwádìí yín ti dé!" Wọ́n fi Éloi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó béèrè bóyá èyí tó súnmọ́ fèrèsé wà. Wọ́n ní kò sí. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n gba Ẹwà Òkè lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìsinmi Àpáta lọ. Ohun Gbogbo Tí Ojú Ń Wò ló kẹ́yìn, òun ló sì ké lé jù. Wọ́n fi èdìdì di ilé olórùlé pupa títí ẹjọ́ yóò fi parí, Éloi sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ láàárín ìlú, níbi tí ẹ̀rọ omi kò dé.

Wọ́n ká wáyà kúrò nídìí òkè. Àwọn ọkùnrin fi òòlù fọ́ ògiri adágún náà, omi sì padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, láàárín òkúta méjì. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Blandine pọn omi, ó gbé e délé, ó sì dé oko kí ìrì tó gbẹ. Ó jókòó sórí ebè kan fún ìgbà díẹ̀. Kò mọ ohun tí ó lè fi gbogbo àárọ̀ yẹn ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, nígbà tí àwọn obìnrin ti tò, garawa lẹ́yìn garawa, wọ́n rí Éloi tó ń bọ̀. Ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó gbé bídọ̀n ìpọnmi dání. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọ́ ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń retí kí ẹnì kan sọ pé kó bọ́ síwájú. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn ń bá ọ̀rọ̀ ọjà wọn lọ ni. Garawa kan kún, òmíràn bọ́ sípò rẹ̀. Oòrùn ga díẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti pọn omi tiwọn, wọ́n sì ti lọ.

Níkẹyìn, ó wá sọ́dọ̀ Blandine.

"Ìyá Roméo," ni ó wí wẹ́rẹ́, "ibo ni kí n dúró?"

Blandine gbé orí sókè lẹ́nu omi.

"Ẹ káàárọ̀, Mísíyé Éloi. Ẹ̀yìn Àbíkẹ́ ni. Ẹ rọra o, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀."